Kílíìpù Dúdú Tó Jó Nígbà Tí Iná Dé: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Lórí Tábìlì Iṣẹ́ Wa

Ọjọ́bọ̀ ni, nínú oṣù kọkànlá, nǹkan bí aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán. Mo wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, mò ń bá ìyá kan ṣírò owó tẹlifíṣọ̀n tó wá gbà. Jẹnẹrétọ̀ ti ń dún lẹ́yìn ilé láti àárọ̀. Àfi bí àwọn ọmọ àdúgbò ṣe pariwo "Úp NẸ́PÀ!" bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní Mọ́kọ́lá níbí, mo sì gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ iṣẹ́ mi kékeré tó sáré lọ sídìí ṣéńjíófà kí epo má bàa ṣòfò. Ṣéńjíófà dún kó, tábìlì iṣẹ́ sì dáhùn: gbàùù!

Nígbà tí mo fi máa wọlé, ọmọ iṣẹ́ mi àgbà ti fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Próòbù síkóòpù, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń kan nǹkan lára ẹ̀rọ tó ń fi àwòrán iná hàn, wà nílẹ̀. Òórùn bàbà tó jó gba gbogbo yàrá, èéfín sì ń yọ lára ampìlífáyà tó wà lórí tábìlì. Mo di apá ọmọ náà mú, mo ní kó na ìka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó nà wọ́n. Àtàǹpàkò rẹ̀ pọ́n, ó wú díẹ̀, ojú rẹ̀ kò fara pa.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, mi ò mọ ohun tí mo ṣe."

Èmi náà kò tíì lè sọ ohun tó ṣe fún un ní ìṣẹ́jú yẹn. Bí mo ṣe kọ́ ọ pé kó so kílíìpù dúdú ara próòbù náà ló ṣe so ó. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi náà nìyẹn. Ohun tó mú kí n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kúnnákúnná nìyí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń tún nǹkan ṣe ló ń so ó bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, tí kò sì tíì dún mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ampìlífáyà ṣọ́ọ̀ṣì kan ló wà lórí tábìlì. Ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Tí a bá tàn án, iná pupa iwájú rẹ̀ á ṣẹ́jú, á kú, á tún ṣẹ́jú, á tún kú. Agbáná inú rẹ̀, ìyẹn apá tó ń gba iná wọlé fún un, kì í ṣe irú ti àtijọ́ tó ní tíránsífọ́mà wúwo. Èyí tó ń gba iná 230 fóòtì wọlé tààrà ni. Iná náà á gba inú dáyóòdù mẹ́rin (ẹ̀yà tí iná ń gbà kọjá lọ́nà kan ṣoṣo) kọjá, á lọ kún inú kapásítọ̀ ńlá kan (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́), níbi tó ti máa di nǹkan bí 325 fóòtì, nítorí pé ṣóńṣó iná 230 wa ni 325. Lẹ́yìn náà ni àgbékalẹ̀ kékeré kan á máa gé e wẹ́wẹ́, lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, sínú tíránsífọ́mà tí kò ju ẹ̀kún ọwọ́ lọ.

Áísì (IC) kékeré kan tó ń jẹ́ UC3842 ló ń darí rẹ̀, èyí tí gbogbo atúnṣe mọ̀ bí ẹni mọ owó. UC3842 kì í jí títí iná tó ń wọ ẹsẹ̀ keje rẹ̀ á fi tó nǹkan bí 16 fóòtì. Tí iná náà bá wá já sí 10, á padà sùn. Mítà kò lè fi èyí hàn wá dáadáa, nọ́ńbà inú rẹ̀ á kàn máa jó sókè sódò ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ náà gbé síkóòpù wá, ìyẹn oscilloscope tòkunbọ̀ alápótí irin tí a ń lò.

Ó fi kílíìpù dúdú há ẹsẹ̀ nẹ́gátíìfù kapásítọ̀ ńlá, ó fi orí próòbù kan ẹsẹ̀ keje. Àwòrán tó jáde kò ṣeé gbàgbé. Ìlà aláwọ̀ ewé náà ń gun òkè díẹ̀díẹ̀ bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn, ó dé 16, ó wó lulẹ̀ sí 10, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀: eyín ayùn gidi. Ọmọ náà wò ó, ó ní, "Ọ̀gá, ó ń jí, àmọ́ kò rí oúnjẹ jẹ." Òótọ́ ni. Kapásítọ̀ kékeré 47 microfarad tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó yẹ kó gbé e ró títí tíránsífọ́mà á fi máa bọ́ ọ, ti gbẹ. Inú mi dùn sí i púpọ̀, ó ku oṣù mẹ́fà kó gba fúrídọ́ọ̀mù, ó sì ti ń ronú bí ọ̀gá. Mo ní kó tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó tú u, mo sì jáde lọ bá ìyá oníbàárà.

Gbogbo ìyẹn, orí jẹnẹrétọ̀ la ti ṣe é. Kílíìpù náà wà níbẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí, ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Ibi tó yẹ kí gbogbo wa tẹ́tí sí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo kílíìpù dúdú. Próòbù síkóòpù ní ẹnu méjì: èyí tó mú ṣóńṣó tí a fi ń wo nǹkan, àti kílíìpù dúdú tó rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹnu méjèèjì rí bí ti mítà, pé níbi tó bá wù wá la lè fi wọ́n sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mítà tó ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ kò ní àjọṣe pẹ̀lú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n kílíìpù dúdú síkóòpù tí a kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọ inú irin BNC lọ (ẹnu tí wáyà próòbù ń gbà wọ síkóòpù), irin BNC so mọ́ àpótí síkóòpù, àpótí síkóòpù so mọ́ ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gù rẹ̀, ẹsẹ̀ kẹta so mọ́ ọ̀pá bàbà tí a rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó mú kílíìpù dúdú lọ́wọ́, okùn tó já sí inú ilẹ̀ ló mú lọ́wọ́. Tí síkóòpù bá ní ojú méjì, kílíìpù méjèèjì ń pàdé nínú rẹ̀.

Ṣé ẹsẹ̀ nẹ́gátíìfù kapásítọ̀ ńlá kì í wá ṣe ilẹ̀ ni? Orúkọ rẹ̀ ni ilẹ̀ nínú àwòrán wáyà, orúkọ lásán ni. Dáyóòdù mẹ́rin yẹn ló ń pinnu ibi tó máa so mọ́. Iná wa ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ìdajì ìyípo kan, dáyóòdù á so nẹ́gátíìfù náà mọ́ nútírà (wáyà tí iná ń gbà padà), ìyẹn kò burú. Ní ìdajì kejì, dáyóòdù mìíràn á so ó mọ́ láìfù (wáyà tó ń gbé iná wá), nígbà tí láìfù wà ní 325 fóòtì nísàlẹ̀ ilẹ̀. Tí kílíìpù bá ti há a, láìfù ti rí ọ̀nà tààrà: láti inú dáyóòdù, sínú kílíìpù, sínú àpótí síkóòpù, sínú ọ̀pá bàbà, sínú ilẹ̀, padà sí ìdí tíránsífọ́mà àdúgbò níbi tí wọ́n ti so nútírà mọ́ ilẹ̀. Ká ní gbogbo ọ̀nà yẹn kò ní ju 5 ohm ìdènà lọ, 325 tí a bá pín sí 5 jẹ́ 65 ampíà. Wáyà kílíìpù dúdú kò tó irun ìrù ẹṣin mélòó kan tí a lọ́ pọ̀. Kí ló máa rò pẹ̀lú 65 ampíà?

Nígbà tí a tú ampìlífáyà náà, a rí ohun tó rò. Wáyà náà ti yọ́ kúrò lẹ́yìn kílíìpù pátápátá, eyín kílíìpù méjì ṣì bu pátákó tí wọ́n to àwọn ẹ̀yà ampìlífáyà sí jẹ, wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀kán bàbà kékeré kan wà lára pátákó, ó mọ́ roboto bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀kan nínú dáyóòdù mẹ́rin ti di wáyà lásán. UC3842 ti bẹ́ láàárín. Dígí fíúùsì dúdú pẹ̀lú àwọ̀ fàdákà, ìyẹn àmì pé kò yọ́ wẹ́rẹ́, ṣe ló bẹ́. Síkóòpù fúnra rẹ̀ kò kú, nítorí pé láti BNC dé púlọ́ọ̀gù rẹ̀, irin tó nípọn ni.

Kí ló wá dé tí jẹnẹrétọ̀ kò fi ṣe é? Mo fi mítà wo ó lọ́jọ́ kejì. Kò sí èyí tó fara kan àpótí jẹnẹrétọ̀ nínú wáyà méjèèjì tó ń jáde lára rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ náà sì jókòó lórí táyà ọkọ̀. Ṣéńjíófà wa ń já wáyà méjèèjì. Iná jẹnẹrétọ̀ kò ní ọ̀nà kankan tó lè gbà padà láti inú ilẹ̀, nítorí náà kò sí ibi tó máa sáré lọ. Kílíìpù wa kàn so gbogbo jẹnẹrétọ̀ náà mọ́ ilẹ̀ láti ibi ẹsẹ̀ nẹ́gátíìfù ni, a kò sì mọ̀. Ká ní ẹnì kan ti fi kílíìpù síkóòpù mìíràn há ibòmíràn lórí iná kan náà, ìbúgbàmù náà ì bá lè ti wáyé lórí jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú. Ìgbà tí ṣéńjíófà wá yí sí NẸ́PÀ, ìsopọ̀ tó dákẹ́ fún bí ìdajì wákàtí di ìsopọ̀ láìfù mọ́ ilẹ̀. Ọmọ kékeré tó yí i kò ṣẹ̀ rárá. Iṣẹ́ tó ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ ló ṣe.

Èyí ló ń já mi láyà jù. Ó ṣeé ṣe kí ènìyàn lo ọdún mẹ́ta lórí jẹnẹrétọ̀ kó máa rò pé ọ̀nà tí òun ń gbà so nǹkan dára.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí jù mí lọ yà wá bá wa kẹ́dùn. Ó wo kílíìpù tó jó, ó ní, "Àbúrò, ọ̀pá ilẹ̀ yín yẹn ló fà á. Já wáyà ilẹ̀ tó wà nínú púlọ́ọ̀gù síkóòpù rẹ. Èmi ti já tèmi láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí ohun tó ṣe mí." Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n yìí, ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo ti kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé ó wá. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò lè tẹ̀ lé e, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn ọmọ lẹ́yìn tó lọ tán.

Tí a bá já wáyà ilẹ̀, kò ní dún gbàù mọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ibi tí kílíìpù bá há náà ni àpótí síkóòpù máa dà. Gbogbo irin ara rẹ̀, irin BNC kejì, kílíìpù ojú kejì tó rọ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, gbogbo wọn á máa lọ sí 325 fóòtì nísàlẹ̀ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, láìsí ariwo, láìsí èéfín. Ní ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì ọmọ mi wà lórí àpótí síkóòpù, ó ń yí bọ́tìnnì. Sílípáàsì tó ti jẹ ní ìgìgísẹ̀ ló wọ̀, sìmẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù sì tutù nítorí omi tí wọ́n fi nù ún. Ká ní a ti já wáyà náà, ara rẹ̀ ni ìbá jẹ́ ọ̀pá bàbà. Ìdá 30 nínú 1,000 ampíà ni wọ́n ṣe bírékà adáàbòbo-ènìyàn pé kó já lé lórí, nítorí pé ohun tó ju ìyẹn lọ lè da ìlù ọkàn rú. Ṣọ́ọ̀bù wa kò ní irú bírékà bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Wáyà tó yọ́, fíúùsì tó bẹ́, ṣe ni wọ́n rà á padà fún wa.

Àwọn mìíràn ti já wáyà yìí láìmọ̀. Síkóòpù tòkunbọ̀ láti Jámánì sábà máa ń wá pẹ̀lú púlọ́ọ̀gù ẹlẹ́sẹ̀ roboto méjì, tí irin ilẹ̀ rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́. Tí a bá fi í sínú àdápítọ̀ olówó pọ́ọ́kú, irin ẹ̀gbẹ́ yẹn kò kan ohunkóhun. Tí àpótí síkóòpù yín bá ń ta yín díẹ̀díẹ̀ bí kòkòrò ṣe ń rìn lára nígbà tí ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ẹ wo ìdí púlọ́ọ̀gù. Àwọn kapásítọ̀ kéékèèké tó wà níbi tí iná ti ń wọ inú rẹ̀ ló ń gbé e sí ìdajì iná nígbà tí kò rí ilẹ̀.

Ọmọ kékeré béèrè ìbéèrè kan tí inú mi dùn sí: "Ọ̀gá, tí a bá wá fi ampìlífáyà sára stabilizer ńkọ́?" Ọ̀pọ̀ ló gbà pé stabilizer yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára NẸ́PÀ. Àwọn stabilizer tó wọ́pọ̀ nílé wa, kọ́ìlì kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ náà, nútírà tó wọlé náà ló jáde. Variac tí a fi ń yí iná sókè sódò bákan náà. Kò sí ìyàsọ́tọ̀ kankan nínú wọn.

Ohun tó ń yà á sọ́tọ̀ ni tíránsífọ́mà isolation, tí kọ́ìlì ìwọlé àti kọ́ìlì ìjáde kò fara kan ara wọn, 230 wọlé, 230 jáde. Bàbá kan tó ń wé kọ́ìlì ló wé tiwa, ó lè gbé 500 VA. Nǹkan tí a ń tún ṣe là ń kì bọ inú rẹ̀. Síkóòpù dúró sí ẹ̀yìn odi, pẹ̀lú wáyà ilẹ̀ rẹ̀ ní pípé. Báyìí, a lè fi kílíìpù há ẹsẹ̀ nẹ́gátíìfù, nítorí pé iná tó jáde nínú tíránsífọ́mà náà kò mọ ilẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí a bá ti há kílíìpù náà, ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fọwọ́ kan pọ́sítíìfù kapásítọ̀ ńlá, 325 fóòtì á gbá a mọ́ ilẹ̀, bírékà adáàbòbo tó wà lára ògiri kò sì ní rí i nítorí pé ẹ̀yìn tíránsífọ́mà ló ti ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ kan ṣoṣo la fi ń ṣiṣẹ́ tí iná bá wà lórí, èkejì á wà lẹ́yìn tàbí nínú àpò. Òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ á bọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan á dúró sí tòsí suwíìṣì.

Láàárín tíránsífọ́mà náà àti iṣẹ́ ni gílóòbù 100 wáàtì wà, irú ti àtijọ́ tó ní wáyà nínú, LED kò lè ṣe é. Tí nǹkan bá ti kan ara wọn nínú pátákó, gílóòbù á mọ́lẹ̀ rokoṣo, á sì gba gbogbo ìyà náà.

Kí kílíìpù tó kan ohunkóhun, a máa ń fi mítà sí àárín kílíìpù àti ibi tó fẹ́ há, pẹ̀lú iná lórí, a ó wò ó ní AC, a ó tún wò ó ní DC. Tí ó bá ju fóòtì kan tàbí méjì lọ, ọwọ́ kúrò. Nígbà mìíràn, mítà á fi nọ́ńbà hàn tó jẹ́ òjìji lásán. Gílóòbù kékeré 230 fóòtì tí a bá so sí àárín àwọn ibi méjèèjì fún ìgbà díẹ̀ ló ń já irọ́ rẹ̀. Tí ibẹ̀ bá mọ́, a ó pa iná, a ó dúró, a ó tú iná inú kapásítọ̀ ńlá pẹ̀lú resistor 2.2 kilo-ohm tó wúwo dáadáa, kì í ṣe screwdriver, a ó fi mítà rí i pé ó ti dé òdo, kí a tó há kílíìpù. Kò sí ẹni tó ń yí ṣéńjíófà mọ́ láìpariwo "mo fẹ́ yí o!", kí ẹni tó wà nídìí tábìlì sì dáhùn.

Níbi tí kò bá ti sí tíránsífọ́mà, a ń lo próòbù méjì. Ṣóńṣó kan sí ibi tí à ń wò, ṣóńṣó kejì sí ẹsẹ̀ nẹ́gátíìfù, kílíìpù dúdú méjèèjì a há ara wọn lọ́tọ̀, wọn kò kan pátákó rárá. A ó yí ojú kejì sódì, a ó ní kí síkóòpù ṣe àpapọ̀ wọn. Àwòrán rẹ̀ kì í mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀, ó sì tó iṣẹ́ ṣe. Bọ́tìnnì próòbù méjèèjì gbọ́dọ̀ wà lórí 10X, ibi tó ń dín iná kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá kó tó wọ síkóòpù. Mo tún ń béèrè lọ́wọ́ wọn pé fóòtì mélòó ni wọ́n kọ sídìí BNC àti sára próòbù, nítorí pé ẹsẹ̀ ọ̀gá transistor inú agbáná báyìí lè fò kọjá 600 fóòtì, ọ̀pọ̀ próòbù kò sì gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní àárọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ kékeré á fi próòbù kọ̀ọ̀kan há irin kékeré iwájú síkóòpù tó ń gbé ìlà onígun 1 kHz jáde, á fi screwdriver oníke yí ìṣó inú próòbù títí igun rẹ̀ á fi tẹ́jú, kò gbọ́dọ̀ ga, kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, a ra dáyóòdù mẹ́rin tuntun, fíúùsì, UC3842 àti 47 microfarad. A kò tíì ní tíránsífọ́mà tiwa nígbà náà, mo yá ti bàbá tó padà wé tiwa. Ọmọ mi àgbà fi báńdéèjì wé àtàǹpàkò, síbẹ̀ ó ní òun lòun máa tàn án. Gílóòbù mọ́lẹ̀ fẹ̀ẹ́, ó wọlẹ̀. Ìlà aláwọ̀ ewé dé 16, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó sì tẹ́jú síbẹ̀ bí omi inú àwo. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbé ampìlífáyà wọn lọ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n pè wá sílé oníbàárà kan tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri. Iná NẸ́PÀ wà. Mo ń bá onílé sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni mo rí ọmọ náà tó kúnlẹ̀ sídìí pátákó, kílíìpù dúdú wà ní ọwọ́ kan, kò tíì há a níbì kankan, ó fi mítà sí àárín.

"Ọ̀gá, ó ju 100 lọ."

Ó ká próòbù náà, ó tò ó padà sínú báàgì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìṣó tẹlifíṣọ̀n náà kúrò lára ògiri kí a lè gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù.